Àṣẹ Jagun ní Gbàgede Ṣẹ́ẹ̀sì

Ẹ má bá mi bú télọ̀ yìí o. Ẹni tí ikú ò tíì já ọmọ ìyá rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kó dá a lẹ́jọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà, ni wọ́n ń pè ní Jagun níbi tí wọ́n ti ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Gbàgede kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ọ̀tayò ti ń tàkùrọ̀sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ àmì ìyanu (!), tó fi orúkọ Jagun tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ ibẹ̀ á gbé ohun tí Jagun fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ jáde lójú gbogbo ayé: "Mo wà níbí o. Ta ló fẹ́ jẹ ìyà?"

Jagun kú lójijì, kò dágbére. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló kù tó jọ ohùn rẹ̀. Lójoojúmọ́, bí télọ̀ bá ti gé aṣọ tán, á fi orúkọ Jagun wọlé, torí ó mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, á tẹ àṣẹ náà. Mo wà níbí o. Ara rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀. Àwọn ará gbàgede á máa kí Jagun, wọn ò kúkú mọ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á pé bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á pa orúkọ náà rẹ́, ohùn náà á sì bá a lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ gan-an. Ó tẹ àmì, ó tẹ Jagun, àmọ́ kò dúró níbẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ kún un bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Háà, omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ta ló sọ fún un pé bí ẹni tó ni orúkọ bá fi ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé àṣẹ, tuntun ni ẹ̀rọ á gbà, á sì sọ ti àtijọ́ nù? Ó tún àṣẹ náà tẹ̀. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló jáde lábẹ́ orúkọ òkú: Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ó tẹ̀ ẹ́ títí, bákan náà ni. Ó lè fọwọ́ ara rẹ̀ tún ti àkọ́kọ́ kọ, àmọ́ ìyẹn ò ní jẹ́ ọ̀rọ̀ Jagun mọ́.

"Ó tún kú," ó sọ ọ́ jáde fún máṣìnì ìránṣọ. "Ó sì kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Bàbá kan wọlé sí gbàgede, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí Jagun máa ń pè ní ẹ̀gbọ́n bí wọn ò tiẹ̀ rí ara wọn rí. Bàbá tẹ àṣẹ Jagun kó lè fi kí i. Ìbéèrè yẹn ló bá pàdé.

Ó dáhùn pé: "Mo ń gbọ́ ọ, àbúrò mi. Kí ló dé? Mo ti ń wò ó pé o ò bá mi ta ayò mọ́. Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Télọ̀ bú sẹ́kún. Ọgbẹ́ tirẹ̀ nìkan ló ń tọ́jú látọjọ́ yìí; kò mọ̀ pé ẹlòmíì jókòó, ó ń dúró de òkú. Ó tẹ èsì, láìsí àmì kankan níwájú. Ṣùgbọ́n orúkọ tó fi wọlé ò yí padà, òun náà ló gbé ọ̀rọ̀ jáde fún gbogbo wọn kà:

"Jagun: Jagun ti kú, sà."