Ilé Tó Dúró Lórí Ìlà

Ọdún méjìléláàádọ́ta ni Oneida fi ń dìbò láti inú ilé kan náà, ẹkùn ìdìbò márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ti bá ara rẹ̀. Ẹ gbọ́ nǹkan! Ilé kò kúrò lójú kan, òun náà kò kó lọ síbì kankan. Ààlà ló ń rìn kiri bí ewúrẹ́ tó já okùn.

Nígbà tí òun àti Harlan ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́pà òkè odò ni wọ́n dà wọ́n pọ̀ mọ́, aṣojú-ṣòfin wọn sì ń kọ lẹ́tà sí wọn lórí ọ̀rọ̀ ajílẹ̀. Ajílẹ̀, fún ẹni tó ń gbé orí yanrìn! Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọ́n tún ààlà fà, wọ́n gbé erékùṣù Sedgeley tí wọ́n ń gbé fún ìlú àwọn ológun. Ó tún ṣe díẹ̀, wọ́n gbé e fún ìlú ńlá kan tó jìn tó ìrìn wákàtí mẹ́ta, tí àwọn ará ibẹ̀ kò mọ ohun tó ya akàn sọ́tọ̀ sí aláǹtakùn. Aṣojú tuntun á wá jẹ ẹja díndín ní gbọ̀ngàn àwọn panápaná, á ṣi orúkọ erékùṣù pè, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Èyí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ló wá burú jù. Ẹnì kan jókòó ti kọ̀ǹpútà ní olú-ìlú ìpínlẹ̀, ó fa ààlà gba àárín títì kan ṣoṣo tó wà ní Sedgeley, lórí ìlà pupa rúsúrúsú tí wọ́n kùn sójú ọ̀nà gan-an. Ẹ̀gbẹ́ òkun, níbi tí àwọn olówó kọ́ ilé ìsinmi sí, di Ẹkùn Keje. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà, níbi tí àwọn apẹja ń gbé, di Ẹkùn Kẹta. Ilé Oneida, tí bàbá Harlan ti kọ́ kí olówó kankan tó mọ ọ̀nà ibẹ̀, bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkun.

Oneida ì bá fara mọ́ ọn, ojú rẹ̀ ṣáà ti rí tó. Àmọ́ lọ́dún yìí, Corinne, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, jáde láti du ipò aṣojú-ṣòfin ní Ẹkùn Kẹta. Ọmọ erékùṣù, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ran àwọ̀n! Ìyá tó bí i kò sì lè dìbò fún un nítorí títì ọlọ́dà.

Ti Harlan tún le ju ti títì lọ. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Corinne wà nínú ìgbìmọ̀ tó ní kí àwọn apẹja má ta àwọ̀n sínú ọ̀sà mọ́ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹja lè rójú bí sí i. Láti ọjọ́ náà ni bàbá rẹ̀, tó jẹ́ apẹja, kò ti bá a sọ̀rọ̀. Bí fóònù bá dún tó sì jẹ́ Corinne, Harlan á nà án sí ìyàwó rẹ̀, á jáde síta. Ọ̀rọ̀ náà ń dun Oneida wọra, kò sì lẹ́nì kan tó lè sọ ọ́ fún.

Òkun ló wá dá sí i. Nígbà òtútù tó kọjá, ìgbì gbé àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé lọ, wọ́n sì ṣe ohun tí gbogbo ará Sedgeley ń ṣe: wọ́n ra ilẹ̀ sí òdìkejì títì, ní Ẹkùn Kẹta, wọ́n pe Dewey tó ń fi ọkọ̀ ńlá gbé odindi ilé láti ibì kan sí ibòmíràn. Dewey ní ilé á kọjá lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ajé, atẹ́gùn pọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, táyà jò. Ọjọ́ Ẹtì sì ni wọn yóò ti ìwé orúkọ àwọn olùdìbò, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kò sí àfikún.

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì náà, ilé ti kọjá dé ìdajì, ó sì dúró gbagidi sáàárín títì lórí ọkọ̀ Dewey.

"Dewey, kí ló dé?"

"Wáyà iná ni, Mà. Òrùlé yín á fà á já. Àwọn oníná ní ó di Mọ́ńdè."

"Mọ́ńdè wo?"

"Mọ́ńdè tó ń bọ̀, Mà."

"Ó yẹ kó jẹ́ èyí tó ń bọ̀! Àbí èyí tó ti lọ ni wọ́n á padà wá?"

Ọkọ̀ ti tò sẹ́yìn ilé lọ́tùn-ún lósì, gbogbo wọn ń fọn fèrè. Ọ̀kan nínú àwọn tí ilé náà há mọ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Tunstall, òṣìṣẹ́ ètò ìdìbò tó wá forúkọ àwọn ará erékùṣù sílẹ̀. Ó gbé ìwé rẹ̀ sábẹ́ apá, ó fẹsẹ̀ rìn wá.

"Mà, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ yí àdírẹ́sì padà. Mi ò lè kọ ilẹ̀ òfìfo ní àdírẹ́sì fún yín."

"Ilé ló ń bọ̀ níbẹ̀ yẹn! Ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i, Mà. Òun náà ni ò jẹ́ kí n lọ sílé." Ó ṣí ìwé. "Òfin wa níbí ni pé bí ààlà bá gba inú ilé kọjá, ibi tí èèyàn gbé ibùsùn sí ni ẹkùn rẹ̀."

Gbogbo wọn wo ilé. Ilé ìdáná àti pálọ̀ ti kọjá ìlà. Àwọn yàrá méjèèjì ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ òkun.

"Ibùsùn lẹ wí, àbí yàrá?" Oneida bèèrè.

"Ibùsùn, Mà."

Oneida gun àkàsọ̀ wọlé. Harlan jókòó sí ẹ̀bá títì, ó ń pa ẹ̀pà sísè jẹ.

"Harlan, wá bá mi gbé bẹ́ẹ̀dì!"

"Ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Ẹ̀yìn tó fa àwọ̀n lókun láàárọ̀ àná?"

Harlan pa ẹ̀pà mìíràn jẹ. Oneida wọ yàrá kékeré, ó wọ́ bẹ́ẹ̀dì tí Corinne sùn lé nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ń bú Dewey, ó ń bú àwọn oníná, ó ń bú ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà lólú-ìlú, títí ó fi gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Tunstall gòkè wá wò ó, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ẹkùn Kẹta. Bàbá ńkọ́?"

"Keje," Harlan pariwo láti ìsàlẹ̀. "Ibi tí mo ń sùn ni n ó máa sùn."

Ìyẹn ló mú kí Oneida yọrí lójú fèrèsé.

"Ọdún méjì, Harlan! Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ṣé a kì í fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra ni? Ó ti sú mi! Ẹ ti sú mi, ìwọ àti ọ̀sà ẹ!" Omi ti lé sójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Tunstall wo aago rẹ̀, ó pa ìwé dé. Ó ti fẹsẹ̀ kan lé àkàsọ̀ nígbà tí Harlan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọlé. Wọ́n gbọ́ gbàgà-gbògo ní yàrá. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì ńlá ló kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, Harlan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń kùn.

"Yàrá yẹn ti wọ́. Ẹsẹ̀ mi á ga ju orí lọ." Ó ju fóòmù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kékeré. "Ẹ ṣí ìwé yín."

"Ẹkùn wo ni kí n kọ, sà?"

"Ṣé ẹ ò ríran ni?"

Tunstall kọ ọ́. Kò tíì sọ̀kalẹ̀ tán tí fóònù Oneida fi dún lórí tábìlì, ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ Harlan. Harlan wo orúkọ tó wà lójú rẹ̀. Oneida na ọwọ́ láti gbà á gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, àmọ́ Harlan ti gbé e sétí.

"Ìyá ẹ wà níbí," ó wí. "Ilé wà lójú títì. Wèrè ni gbogbo wọn." Ó kọjú sí ògiri. "Ṣé o ti jẹun?"