Fídáù Ìbíyẹmí

"Ta ni ẹbí òkú níbí?" Àfáà Yẹ̀kínì béèrè. "Kó sún mọ́ mi, ká lè bẹ̀rẹ̀ àdúrà."

Gbogbo àwọn obìnrin tó jókòó lórí ẹní ní àgbàlá náà yíjú sí Odile. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, kàyé mẹ́sàn-án, àwọn ìwé ìkọ̀wé rẹ̀, wà lábẹ́ apá rẹ̀, kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kú ní àdúgbò Hanoukopé ní Lomé. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀. Wọ́n to àwo wàínà àti àkàrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Jẹ̀lílì," ó sọ fún Àmínátù, ìyá aláṣọ tó ni àgbàlá náà. "Mi ò gbọ́ rárá. Ta ló kú?"

"Ṣebí ìwọ lo kà á fún wa lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá. Ìbíyẹmí ni. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́jọ."

Ìbíyẹmí kò ní sàréè, kò sì bímọ. Inú kàyé ló ń gbé. Odile fúnra rẹ̀ ló dá a: obìnrin tó ru aṣọ òfì láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wá sí Lomé, tí àìsàn kọlù lọ́nà, tí àwọn àjèjì sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Ẹni tó bá pàdé Odile lójú títì lọ́dún 1951 yẹn kò lè mọ̀ pé òǹkọ̀wé ló ń kọjá. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ọmọ Yorùbá Atakpamé, tó ti fi ọdún mọ́kànlá kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé àwọn Fàdá. Bí ọdún ìwé bá parí, tí àwọn ọmọ ju kàyé wọn nù, á ṣà wọ́n jọ, á ya àwọn ojú ewé tí wọn kò kọ nǹkan sí, á sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán wọn pọ̀. Ibẹ̀ ló ń kọ ìtàn rẹ̀ sí, ní Yorùbá tí olùkọ́ kankan kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Bíbélì àtijọ́ kan tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fi kọ́ ara rẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ló ti ń kọ ìtàn náà. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹni tó bá ní kì í ṣe iṣẹ́, kó lọ gbìyànjú ẹ̀ wò. Ní Ọjọ́bọ̀ tí ilé-ìwé kì í ṣí, á kó o wá kà fún àwọn obìnrin oníṣòwò tó wá láti Nàìjíríà. Wọn á máa ká aṣọ, wọn á máa gbọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Félicien, ọ̀gá ilé-ìwé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ló pè é. "Mademoiselle, olùkọ́ tiwa ló wá ń ka pátùwà, èdè àwọn ará oko, nínú ilé Mùsùlùmí? Kó gbogbo kàyé yẹn wá fún mi láàárọ̀ Ẹtì, kí n dáná sun wọ́n. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má padà wá mọ́." Odile ti gbà. Iṣẹ́ yẹn ni òun àti ìyá rẹ̀ fi ń jẹun. Ó kàn fẹ́ wá dágbére fún àwọn obìnrin náà ni.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ Ìbíyẹmí. Èmi ni mo dá a. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín kí ẹ tó ṣe gbogbo wàhálà yìí."



"A mọ̀," ni Àmínátù wí. "Ṣé o rò pé a gọ̀ ni? Ta ló wà nínú ọkàn ẹ̀ tó gbọ́ ohun tó ń rò kó tó kú? A mọ̀ pé o dá a ni."

"Kí ló wá dé, Ìyá Jẹ̀lílì?"

"Èmi àti bàbá mi la kọ́kọ́ dé Lomé. Ìyá mi ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Oṣù mẹ́ta la fi dúró. Wọ́n ní ọ̀nà Pópó ló kú sí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó kú. Òkú tí a ò mọ ọjọ́ ẹ̀, báwo la ṣe máa ka mẹ́jọ ẹ̀? Ogójì ọdún rèé. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, tí o kà á pé obìnrin yẹn ní kí wọ́n sọ ẹrù òun kalẹ̀ kóun tó kú, mo sọ fún ara mi pé, ó dáa, òní ni ìyá mi kú." Ó nawọ́ sí obìnrin kan tó jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà. "Bí ti ẹ̀gbọ́n Àlàbá yìí náà ṣe rí nìyẹn, ọ̀nà lòun náà kú sí. Àdúrà tiwọn la fẹ́ ṣe."

Omi bọ́ lójú Odile, kò nù ún. Nígbà tí Àfáà tún béèrè ẹbí òkú, obìnrin mẹ́fà ló dìde. Odile bá wọn dìde.

Lẹ́yìn àdúrà, ó sọ ohun tí Félicien wí fún òun fún wọn.

"Kó wọn fún un," ni Àmínátù sọ lójú ẹsẹ̀. "Ohun tí etí wa ti gbọ́, kò sẹ́ni tó lè gbà á padà. Iṣẹ́ olùkọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rí he."

"Ó ku orí mẹ́rin tí mi ò tíì kà fún yín, Ìyá Jẹ̀lílì."

"Ta ló ń bi ọ́ léèrè orí? Ohun tí o máa jẹ ni mò ń sọ."

Ẹ̀rù ń ba Odile, inú rẹ̀ sì ń dùn. Látìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó sọ níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni tìtorí ẹ̀ wọ aṣọ funfun. Ó ṣí kàyé tó kẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Láàárọ̀ Ẹtì, ó dúró níwájú tábìlì Félicien. Félicien wo ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ náà ṣófo.

"Àwọn kàyé náà dà?"

"Mi ò kó wọn wá, Monsieur le Directeur."

"O mọ ohun tó máa tẹ̀yìn ẹ̀ yọ?"

"Mo mọ̀."

Ó gbé kọ́kọ́rọ́ kíláàsì sórí tábìlì. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Etí òsì Adépéjú, ọmọ kíláàsì mi, ò gbọ́ràn dáadáa," ó ní. "Ojú ń tì í, kò ní sọ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó bá gba kíláàsì mi jẹ́ kó máa jókòó níwájú."