Ààwẹ̀ Sìgá

Kò sí ohun tí wọ́n ní kéèyàn ṣe tí Gafar télọ̀ kò ṣe láti fi sìgá sílẹ̀. Ó lá súìtì títí eyín fi ń ro ó. Ó jẹ obì, ó rún pákò, pàbó ló já sí. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Borokiri, ìlú etí omi lágbègbè elépo rọ̀bì, bẹ́sẹ̀ ṣe ń tẹ ẹ̀rọ lèéfín ń jáde nímú. Ìdí nìyẹn tí Wàsílátù ìyàwó rẹ̀ fi kó Roqeebah, ọmọ wọn tí èémí rẹ̀ kì í délẹ̀, lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

"Bàbá Roqeebah, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá jáwọ́ la máa padà wá."

Ilé wá dákẹ́ lọ gbári. Bí ọmọ bá pè é lórí fóònù, omi á lé ròrò sí i lójú, á sì tún ṣáná.

Ràmàdáànì ló là á lójú. Láti àárọ̀ dalẹ́, sìgá kì í wù ú rárá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pe ìrun àṣálẹ́ báyìí, kó tó fọwọ́ kan dàbínù tó fẹ́ fi ṣínu, ó ti fi sìgá sẹ́nu. Ojú ara rẹ̀ tì í. Ó ro ó títí, ó rí i pé àníyàn, ìpinnu ọkàn tí òun ń dá ní sàárì láti gbààwẹ̀, ló ń de sìgá mọ́lẹ̀.

Ni ààwẹ̀ bá parí, Gafar ò bá wọn parí. Ó ń jí sàárì lọ. Á dá àníyàn pé òun gba ààwẹ̀ sìgá dalẹ́, á sì fi ẹ̀bà panu lọ́sàn-án gangan. Bílẹ̀ bá ṣú, kò ní ṣínu, á tún dá àníyàn mìíràn dàárọ̀. Nígbà tí Àáfà Nasir tó ń kírun fún wọn ládùúgbò gbọ́, ó gbaná jẹ.

"Gafar, inú ìwé wo lo ti rí irú ààwẹ̀ yẹn? Àdádáálẹ̀ gbáà ni!"

"Ẹ má bínú, Àáfà. Ẹ jẹ́ n gba ọmọ mi padà ná."

Mama Ibinabo tó ń ta sìgá níwájú ṣọ́ọ̀bù náà ò gbà á gbọ́. "Tailor, Sallah don pass since. Na which kain fasting be dis?"

Ojú Gafar rí màbo. Oorun dá lójú rẹ̀, ó ń jágbe mọ́ oníbàárà, abẹ́rẹ́ ń gún un lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó jáwọ́.

Nígbà tí Wàsílátù gbọ́, ó kó ọmọ dé, ó gbóòórùn aṣọ, ó gbóòórùn ìrọ̀rí, ó gbóòórùn kọ́tìnì. Kò rí nǹkan kan. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Roqeebah sùn lórí àyà bàbá rẹ̀, inú ọkùnrin náà sì dùn débi pé kò fẹ́ yíra padà.

Àṣé ìyà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà ni àwọn tí ń se epo rọ̀bì ní bòńkẹ́lẹ́ nínú igbó ẹ̀bá omi bẹ̀rẹ̀ sí í da èéfín bo gbogbo ìlú. Ohun dúdú bíi ti abẹ́ ìkòkò ń já bọ́ láti òkè. Léèsì funfun tí Gafar gbé kọ́ di alámì tótòtó. Kò pẹ́, èémí Roqeebah tún bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro.

Wàsílátù fi ìka nu nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, ó wo ìka náà, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Mo fi Ọlọ́run búra, n ò mu ún!"

"Mo mọ̀." Ó ti ń kó ẹrù.

"Kí ló tún wá kù tí mo fẹ́ fi sílẹ̀, Ìyá Roqeebah?"

"Kò sí. Ìbá jẹ́ sìgá yín ni, ǹ bá dúró bá yín jà. Ta ni mo fẹ́ bẹ̀ pé kó jáwọ́ nínú èyí?"

Nígbà tí Gafar sìn wọ́n dé gáréèjì tó sì padà dé, Mama Ibinabo na ẹyọ sìgá kan sí i, ó ní òun fi ta á lọ́rẹ. Gafar wo sìgá náà pẹ́. Kò sẹ́ni tó máa gbóòórùn ìrọ̀rí mọ́. Inú bí i, ó sì fi ìbínú náà kọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń pe ìrun àṣálẹ́, ó dá àníyàn dàárọ̀, ó mí kanlẹ̀, èéfín tí kì í ṣe òun ló ṣáná sí i sì wọ inú rẹ̀ lọ.