Bismillahi Tí Mo Fi Ẹ̀rọ Kọ

Bí ẹnìkan bá tún sọ fún mi pé ẹ̀rọ ń mú iṣẹ́ rọrùn, mi ò ní dá a lóhùn. Ẹ̀rọ ni mo bá wọ̀yá ìjà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lọ́dún 1974, nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń kọ pátákó lẹ́yìn Ọjà-Ọba, nítorí àgbàlagbà kan ṣoṣo.

Àfáà Àhmádù ni. Àwọn ló fi kálámù lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, tí wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń kọ kéwú sára wáláà. Ojú wọn ti ń ṣókùnkùn. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé ọmọ ọmọ àwọn, Naimat, fẹ́ ṣe wàlímọ̀, pé kí n kọ Bismillahi sára pátákó ńlá tí wọn yóò gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ka ohun tí ọwọ́ mi kọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ojú àwọn tó lọ pátápátá.

Ni mo bá gbọ́n ju ara mi lọ. Mo ní ìbọn kékeré kan tí í fẹ́ ọ̀dà bí ìkùukùu, tí mo rà lọ́wọ́ ẹnìkan tó ti Kàdúná dé. Ó lè fi òjìji sábẹ́ lẹ́tà, tí lẹ́tà yóò dà bí ohun tó yọ síta lára igi. Mo rò pé ojú tó ń ṣe bàìbàì gan-an á rí i. Afẹ́fẹ́ tí yóò máa ti ọ̀dà jáde nìkan ló kù.

Mo kọ́kọ́ lo páǹpù ẹlẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ìlà wá wọ́ bí ọ̀nà oko. Mo yá ẹ̀rọ tí Akínwálé fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà. Ìyẹn ń pariwo, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń já wá ní gìdì-gìdì, ó sì ṣe pátákó ní tótòtó bí ìyẹ́ ẹtù. Akínwálé ní kí n so ó mọ́ tíúbù lọ́rì, kí tíúbù gba afẹ́fẹ́ pamọ́, kí n máa fà á díẹ̀díẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ ni ìbọn wúkọ́, ó pọ omi sára pátákó, lẹ́tà mẹ́ta sì ṣàn wálẹ̀. Ọ̀rinrin òjò ti bá afẹ́fẹ́ wọ inú tíúbù.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fọ pátákó náà. Mo bú ẹ̀rọ, mo bú tíúbù, mo bú Akínwálé tí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti sú mi dé ọrùn. Ọjọ́bọ̀ tí ọ̀túnla rẹ̀ jẹ́ wàlímọ̀ ni mo tó ronú pé kí n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba inú agolo kọjá kó tó dé ìbọn, kí omi máa já sísàlẹ̀ agolo. Ìgbà yẹn ló gbọ́ràn.

Nígbà tí a kírun Jímọ̀ tán, ọ̀dà ti gbẹ. Lẹ́tà ń dán, wọ́n yọ síta lójú bíi kéèyàn dì wọ́n mú. Naimat fa Àfáà lọ́wọ́ wọlé. Mo sún sẹ́yìn kí wọ́n lè rí i dáadáa.

Wọn ò wò ó. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pátákó láti apá ọ̀tún, wọ́n rọra fà á dé apá òsì, wọ́n sì dá a padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Pátákó ń dán bọ̀rọ́ lábẹ́ ọwọ́ wọn bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Abdulmumini," wọ́n ní, "ìgbà wo lo máa kọ ọ́?"

Naimat wojú mi, ó sì wolẹ̀. Mo bẹ Àfáà kí wọ́n jókòó. Mo ti ìbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo po ọ̀dà ki bí ẹ̀kọ, irú èyí tí ìka lè kà, mo sì wá búrọ́ọ̀ṣì mi.