Ohun Tí Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Ń Sọ

Elétí-Ehoro ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì náà, nítorí pé etí ló fi ń wá àìsàn ọkọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a gbé ọkọ̀ sórí jáàkì, wọn a tú táyà, wọn a máa fọwọ́ pa ibí pa ọ̀hún. Ní tirẹ̀, kí o ṣáà wa ọkọ̀ kọjá níwájú rẹ̀. Tó bá ń ké nígbà tí o tẹ búréèkì, páàdì búréèkì ló ti jẹ. Tó bá ń ké lójú ìrìn, tó sì dákẹ́ nígbà tí o tẹ̀ ẹ́, òkúta ló há síbẹ̀. Kì í ṣì í.

Àmọ́ etí náà ti ń kú. Ohùn tó nípọn ṣì ń wọlé, èyí tó tín-ín-rín ni kò wọlé mọ́. Kẹ́tùlù súfèé títí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ ló sáré wá gbé e kúrò lórí iná. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò gbé ọkọ̀ wá fún Elétí-Ehoro tí kò gbọ́ràn? Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Wọn ò sọ ikú ta ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò rẹ̀ obìnrin wọlé wá. Ó fẹ́ lọ gbé màmá wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń wo ojú, ọ̀nà ibẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

"Bọ̀dá mi, ẹsẹ̀ iwájú yìí ń dún fíìn-fíìn. Ẹ bá mi gbọ́ ọ."

Ó wa ọkọ̀ náà yí àgbàlá po. Mẹkáníìkì dijú, ó tẹ́tí, kò gbọ́ nǹkan kan ju ẹ́ńjìnnì lọ.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́."

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló gbọ́, ó sì jẹ́ kí ìyẹn tó. Ìbéèrè kan ni ìbá bi í: ìgbà wo ló ń ké? Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ kì í tún bèèrè. Jáàkì wà nítòsí, àmọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sábẹ́ páànù, wọ́n ń wò ó.

"Eruku ni," ó ní. "Máa lọ."

Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, búréèkì kọ̀. Ògiri ló dá ọkọ̀ dúró. Màmá ti kú kí àwọn èèyàn tó já ilẹ̀kùn. Nígbà tí mẹkáníìkì débẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú táyà iwájú. Páàdì ti jẹ dé irin.

Ní ọsibítù, wọ́n ti fi okùn gbé ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ kọ́. Ohun kan náà ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé: "Ẹsẹ̀ mi ló pẹ́ kó tó dé orí búréèkì. Èmi ni mo pa Màmá."

Ẹ̀bi ti rí ẹni gbé e, wọn ò bi ẹ̀gbọ́n léèrè. Ó ṣe é bíi kó dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ bọ́ sára ẹsẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́ náà, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ. Mi ò gbọ́ ariwo yẹn. Ó ti pẹ́ tí etí mi ti ń kú."

"Ẹ ní ẹ gbọ́."

"Ọ̀rọ̀ tìẹ ni mo gbọ́."

Àbúrò rẹ̀ gbé ohùn sókè, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè gbọ́ dáadáa.

"Màmá gbọ́ ọ. Wọ́n ní ọkọ̀ yìí ń ké, kí n dúró. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, bọ̀dá mi ti gbọ́ ọ."