Ọ̀rọ̀ Tí Ọmọ Onífọ́tò Kọ

Gẹ̀ẹ́sì ni onífọ́tò bá lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Lókè, nísàlẹ̀, gbogbo bọ́tìnnì inú ètò tó fi ń tún fọ́tò ṣe ti di Gẹ̀ẹ́sì.

"Ta ló fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mi?"

Ìyàwó rẹ̀, tó ń gba ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ta ni ìbá fọwọ́ kàn án? Òun fúnra rẹ̀ ló ń tún ara rẹ̀ ṣe lánàá, tó ní kẹ́ ẹ má pa òun."

Onífọ́tò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ò ní torí ìyẹn dúró. Kì í ṣe tiṣẹ́ ló ń dùn ún. Àwọn tó ni ètò náà máa ń gba ẹni tó bá wù láyè láti túmọ̀ rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ibí yìí náà ló máa ń jókòó sí. Á ní, "Bàbá mi, kí ni kí n pe eléyìí?" Bàbá á ní, "Pè é ní wàhálà." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín títí. Àìsàn mú un lọ lọ́dún tó kọjá. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ: láti kékeré ni onífọ́tò ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Ó wá ibi tí wọ́n ti ń yan èdè. Orúkọ èdè lọ súà. Nísàlẹ̀ pátápátá ló ti rí Yorùbá. Ó tẹ̀ ẹ́, ó pa ètò náà, ó tún un ṣí.

*Ẹ ní sùúrù, mò ń bọ̀.* Bí ọmọ náà ṣe kọ ọ́ nìyẹn, pé kó máa hàn tí ètò bá ń ṣí lọ́wọ́.

"Ṣé ó ti padà?" Ìgbálẹ̀ ti dúró lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Ó ti padà."

Obìnrin náà wá dúró sẹ́yìn àga, ó ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. *Ẹ ṣí fọ́tò. Ẹ tọ́jú rẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ pa á rẹ́ lóòótọ́?* "Bó ṣe máa ń bá yín sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn," ó ní. Lẹ́yìn náà ló nàka. "Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

Àwọn bọ́tìnnì kan tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n síbẹ̀. Onífọ́tò padà lọ yan Yorùbá lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọn ò yí padà.

"Tuntun ni wọ́n," ó ní. "Wọn ò tíì sí nígbà tó wà láyé."

Ìyàwó rẹ̀ padà sídìí ilẹ̀ tó ń gbá. Onífọ́tò ń wo àwọn bọ́tìnnì náà. Tó bá tún ṣe díẹ̀, òmíràn á tún dé, Gẹ̀ẹ́sì á máa pọ̀ sí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sìnkú ọmọ náà, àárọ̀ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e pé òun ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ tuntun kankan lẹ́nu rẹ̀ mọ́.