Bàtà Ìyàwó Wà Lábẹ́ Ẹrù

Alágídí ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ọkọ̀ ẹrù ńlá ló ń wà, òun ló ń kó ẹrù àwọn oníbàárà wá láti ilé ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́yìn ìlú. Èmi ní tèmi, yàrá kékeré kan ni mo ń bójú tó láàárín àdúgbò, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ là ń já ẹrù sí, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ní àpótí níwájú á wá gbé e dé ẹnu ọ̀nà kálukú. Ẹ̀gbọ́n mi ní eré ọmọdé ni. Mo ní, "Kẹ̀kẹ́ wa kì í mu epo o, omi ni ẹni tó ń gùn ún ń mu." Ó pòṣé.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin, a ní kó má lọ síbi iṣẹ́. Ó fàáké kọ́rí. Bàtà ìyàwó ti dé ilé ìkẹ́rùsí, òun fúnra òun ló máa fi ọkọ̀ gbé e wá. Ìyàwó wọṣọ tán, bàbá ò dé. Ni mo bá pè é.

"Bọ̀ọ̀dá, ibo lẹ wà?"

"Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ni. Mo wà nídìí afárá."

"Ẹ mú bàtà, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn wá."

"Ó wà ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Mi ò fẹ́ kó sọnù, òun ni mo kọ́kọ́ gbé sínú ọkọ̀."

Yéè! Ẹni tó ń kọ́ gbogbo ayé pé ẹrù tó bá kọ́kọ́ wọlé ló ń jáde kẹ́yìn! Ìfẹ́ ọmọ ti ra á níyè. Inú ń bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí. Mo ní kó fi bàtà sílẹ̀, kó máa bọ̀. Ó ní láéláé, òun ò ní wá síwájú ọmọ òun lọ́wọ́ òfo.

Mo ké sí Kíákíá, obìnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́ wa, àti àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ yòókù. A gba àárín àwọn ọkọ̀ kọjá fẹẹrẹ. Bí a ti ń já ẹrù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ sí yàrá mi. Awakọ̀ tó wà lẹ́yìn bọ́ sílẹ̀ wá ràn wá lọ́wọ́. Ṣé ó kúkú ń lọ síbì kan ni? Ìgbà tí a rí bàtà, ọkọ̀ ti ṣófo. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ ń wà á, ó wá ń wá ibi tó máa jókòó sí.

"Inú àpótí ni o, Bàbá Ìyàwó," ni Kíákíá wí. "Ẹrù là ń gbé, a kì í gbé èrò."

Àgbàlagbà ká ẹsẹ̀ kò sínú àpótí, ó gbé bàtà lé itan, ó dijú. Gbogbo ọ̀nà ń pàtẹ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn la bá ìyàwó, lẹ́sẹ̀ lásán. Bàbá rẹ̀ fi wàhálà jáde nínú àpótí. "Má bínú, ọmọ mi. Bàtà rẹ rèé."

Ọmọ ò tiẹ̀ wo bàtà, èmi ló gbé e fún. Ó di bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mú. "Bàbá mi, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ní kí n máa wọlé. Ṣé bàtà lẹ rò pé mo ń dúró dè ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ló bá bọ́ bàtà tiẹ̀ náà sílẹ̀, wọ́n sì jọ wọlé lẹ́sẹ̀ lásán.